Bí olè ṣe gba SSH wọ sẹ́fà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́fíìsì wọn wà lápá Fọlágbadé, ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ẹgbẹ́ ń tajà l'Ókè-Ajé, àwọn míì jẹ́ tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ ẹgbẹ́ ni. Mo sì fẹ́ kọ ọ́ ní kíkún, torí mo mọ ẹgbẹ́, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó pọ̀ láti ibí títí dé Ṣàgámù tó jẹ́ pé bí tiwọn ṣe wà gẹ́lẹ́ ni tàwọn náà wà: sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tí wọ́n rẹ́ǹtì) wà lókè òkun, ẹnìkan ti bá wọn ṣe é, ó ní òun ti tì í, ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì bi sẹ́fà fúnra ẹ̀ léèrè bóyá òótọ́ ni.

Ohun tó wà lórí sẹ́fà yẹn ni sọ́fúwià tí wọ́n fi ń kọ owó ìfipamọ́ àti owó tí wọ́n ń yá ara wọn. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù, ilé tí wọ́n ń gbé, NIN àwọn kan, ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tó ṣe onídùúró fún un, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ubuntu 22.04, irú Linux kan, ló ń lò, wọ́n ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù.

SSH lèèyàn fi ń wọ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wàá jókòó n'Ìjẹ̀bú, ohun tó o bá tẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún máa ṣe. Ará Finland kan tó ń jẹ́ Tatu Ylönen ló kọ ọ́ ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn kan lúgọ sórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yunifásítì wọn ní Helsinki tí wọ́n ń kó páswọ́ọ̀dù èèyàn, torí telnet tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, gbangba ni páswọ́ọ̀dù ń gbà kọjá. Pọ́ọ̀tù 22 (nọ́ńbà ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé) ni wọ́n fún un, àárín 21 tó jẹ́ ti FTP àti 23 tó jẹ́ ti telnet. OpenSSH tí gbogbo wa ń lò báyìí, àwọn tó ń ṣe OpenBSD ló gbé e jáde ní 1999. Iṣẹ́ gidi ni, ẹni tó bá lúgọ sójú ọ̀nà ò ní rí nǹkan kan kà. Àmọ́ kò sí bí ọ̀nà ṣe lè láàbò tó, kò lè gba ẹni tó fi test123 ṣe páswọ́ọ̀dù.

Íméèlì tó tú àṣírí wọlé nígbà tí Ojúde Ọba ku ọ̀la. Ìlú ti kún, kálukú ń lọ gba aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́wọ́ télọ̀, ta ló ráyè íméèlì. Ẹ̀yìn ọdún ni Bọ̀dá Akọ̀wé tó rí i, ó wá pè mí.

"Àbúrò, wọ́n ní kọ̀ǹpútà wa ń lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn káàkiri ayé o, wọ́n ní tá ò bá dá a dúró àwọn máa pa á. Ṣé kì í ṣe 419 lèyí báyìí?"

Mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe 419. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti rẹ́ǹtì sẹ́fà ló kọ ọ́ lóòótọ́, àwọn èèyàn ti fẹjọ́ sùn wọ́n pé àdírẹ́ẹ̀sì sẹ́fà yìí ń méfò páswọ́ọ̀dù lórí pọ́ọ̀tù 22 àwọn. Ẹni tó bá rí irú íméèlì yẹn gbà, kó mọ̀ pé wọ́n ti kọ́kọ́ wọlé tiẹ̀ ná kí wọ́n tó máa gbabẹ̀ lọ sílé ẹlòmíì. Bọ̀dá Akọ̀wé tún ní àwọn ọmọ ọ́fíìsì ti ń ráhùn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé sọ́fúwià ń fà, wọ́n rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ní kí wọ́n wọ pánẹ́ẹ̀lì iléeṣẹ́ náà kí wọ́n ya snapshot dísìkì, kí bó ṣe wà má bàa parẹ́. Ẹ má kánjú tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ má kánjú pa nǹkan, torí ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì á lọ tẹ́ ẹ bá tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá tẹ top, àṣẹ tó ń fi ohun tó ń gba CPU hàn.

CPU mẹ́rin ló ní, nǹkan kan tó ń jẹ́ kswapd0 sì ti gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Ibí yìí ló ti ń tan èèyàn jẹ o. kswapd0 gidi wà lórí Linux, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wá àyè nínú mẹ́mọ́rì nígbà tó bá fẹ́ kún, torí náà ẹni tó bá sáré wò ó á ní sẹ́fà kàn nílò RAM sí i ni, á sì lọ sanwó RAM. Àmọ́ ti gidi, root (ọ̀gá pátápátá lórí sẹ́fà) ló ni ín, ara kernel (ọkàn Linux fúnra ẹ̀) ni, àṣẹ ps á fi àmì [ ] yí orúkọ ẹ̀ ká, kò sì ní fáìlì kankan lórí dísìkì tó ti wá. Eléyìí, ẹni tó ni ín lórúkọ test. Mo fi ls -l wo exe ẹ̀ nínú /proc, ló bá tọ́ka sí fáìlì kan nínú fódà tí orúkọ ẹ̀ fi dọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀, nínú /home/test níbẹ̀. Sọ́fúwià tó ń wa Monero ni, wọ́n ń fi iná àti owó ẹlòmíì wa kírípítò fún ara wọn. Òmíì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń méfò páswọ́ọ̀dù àwọn sẹ́fà míì, ìyẹn ló fa íméèlì.

Wọ́n ti kọ ìlà @reboot sínú crontab test (ìwé iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra ẹ̀) kó lè máa jí padà. Wọ́n sì ti fi kọ́kọ́rọ́ SSH tiwọn, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn láìsí páswọ́ọ̀dù, sínú /home/test/.ssh/authorized_keys. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, torí ohun tí èèyàn á kọ́kọ́ rò ni pé kí òun yí páswọ́ọ̀dù test padà kó sì tán. Kò ní tán. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò bìkítà fún páswọ́ọ̀dù, wọ́n á rọra wọlé padà lóru ni.

Nínú /var/log/auth.log, ìlà lórí ìlà: Failed password for root, Failed password for invalid user oracle, postgres, admin, gbogbo orúkọ tí wọ́n mọ̀ pé èèyàn máa ń lò. Kì í ṣe pé ẹnìkan mọ ẹgbẹ́ wọn o. Róbọ́ọ̀tì ni, gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kàn, tòru-tọ̀sán. Ti root ò ṣí fún wọn, torí láti OpenSSH 7.0 ní 2015 ni dífọ́ọ̀tì (bó ṣe máa ń wà tẹ́nì kan ò bá yí i) PermitRootLogin ti di prohibit-password, páswọ́ọ̀dù ò lè gbé root wọlé mọ́ àfi tẹ́nì kan bá dìídì yí i padà. Dífọ́ọ̀tì yẹn ló gba ẹgbẹ́ yìí, ká sọ òótọ́. Àmọ́ nígbà tó yá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo rí ìlà kan ṣoṣo tó yàtọ̀: Accepted password for test.

Ta ló ń jẹ́ test? Àǹtí tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà l'ọ́fíìsì ló rántí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ra sọ́fúwià, ẹnìkan wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó ṣí àkáǹtì yẹn láti fi dánra wò, ó parí iṣẹ́, ó lọ. Páswọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣì wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, test123.

Mo wá bi ọmọkùnrin tó ṣètò sẹ́fà náà fún wọn. Ó ti wà n'Ìlú Ọba báyìí, a jọ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo pa páswọ́ọ̀dù níbẹ̀ o, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mo fi sílẹ̀. Ẹ lọ wo fáìlì yẹn." Mo wò ó. Kò purọ́. PasswordAuthentication no, ó wà nínú /etc/ssh/sshd_config gbangba, kò sí àmì # níwájú ẹ̀. Ó tún SSH bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó kọ ọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wọlé, ó ṣí, ó lọ sùn. Báwo wá ni páswọ́ọ̀dù ṣe wọlé?

Mo tẹ èyí:

sudo sshd -T | grep -i passwordauthentication

Ohun tó dá padà ni: passwordauthentication yes.

sshd -T yìí, T ńlá, òun ni kéèyàn fi sọ́kàn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Kì í ka ohun tó o kọ sí fáìlì kan fún ẹ, ó máa kó gbogbo sẹ́tìnsì jọ, á parí ìṣirò, á wá sọ ohun tí SSH máa tẹ̀ lé gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó wà nínú fáìlì àti ohun tó jáde yìí ni olè gbà wọlé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Láti OpenSSH 8.2 ní 2020, èèyàn lè kọ Include sínú sshd_config kó lọ ka àwọn fáìlì míì. Ubuntu wá fi ìlà Include /etc/ssh/sshd_config.d/*.conf sókè pátápátá nínú fáìlì náà. SSH sì ní òfin tiẹ̀ tí ò jọ ti ọ̀pọ̀ sọ́fúwià: ohun tó bá kọ́kọ́ kà nípa sẹ́tìn kan ló gbà, èyí tó bá dé lẹ́yìn, kò kà á sí mọ́. Bí ìgbà tí onídùúró bá ti buwọ́ lùwé ni, ẹni tó bá wá ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀ pé òun ò fọwọ́ sí i, owó ti jáde. Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ni sẹ́fà ń ṣẹ̀dá ẹ̀, cloud-init, sọ́fúwià tó ń ṣètò sẹ́fà tuntun, kọ fáìlì kékeré kan síbẹ̀, 50-cloud-init.conf, ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, PasswordAuthentication yes, torí wọ́n fẹ́ kí oníbàárà lè fi páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fún un wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. SSH ka yes yẹn lókè, nígbà tó fi dé ìdí ìlà tí ọmọkùnrin náà kọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ń ṣí lóòótọ́, kò gbìyànjú láti fi páswọ́ọ̀dù wọlé kó lè rí i pé ó kọ̀. Mi ò bá a wí. Ọgbọ́n tó lò tọ́, sẹ́fà ló ń tẹ̀ lé fáìlì tí kò mọ̀ pé ó wà.

Ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ le jù ti kọ̀ǹpútà lọ. Àlhájà Akápò ló kọ́kọ́ bi mí pé ṣé owó wà níbẹ̀. Mo ní rárá, Ma, owó wà ní báńkì, àkọsílẹ̀ owó ló wà lórí sẹ́fà. Wọ́n ní, "Àkọsílẹ̀ yẹn náà lowó. Tí wọ́n bá pa á rẹ́, ta ni mo fẹ́ lọ bá pé ó jẹ wá?" Mi ò lè já wọn níyàn.

Bàbá Ààrẹ fẹ́ kó wà láàárín ilé. Wọ́n ní olè náà ò kúkú mú nǹkan kan, kírípítò ló ń wá, kí ló dé tá a fẹ́ dáyà já àwọn èèyàn. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí àti ohun tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. test ò sí nínú gúrúùpù sudo (àwọn tó lè lo àṣẹ root), kò lè di root ní tààrà. Àmọ́ fáìlì .env sọ́fúwià náà, tí páswọ́ọ̀dù dátábéèsì wà nínú ẹ̀, 644 ni wọ́n fi í sí, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí sẹ́fà lè kà á. Mi ò rí àmì pé wọ́n wọ dátábéèsì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa history test (àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí wọ́n tẹ̀) rẹ́, auth.log sì rèé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Ubuntu ń tọ́jú ẹ̀ kó tó sọ ti àtijọ́ nù. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 wá ní tí ìtúsíta bá lè kó àwọn tó ni dátà sí ewu, wákàtí 72 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mọ̀ ni kẹ́ ẹ fi tó Kọmíṣọ̀n tó ń rí sí ààbò dátà létí. Àlhájà ní, "NIN mi wà níbẹ̀. NIN àwọn ìyá l'Ókè-Ajé tó fọkàn tán mi wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìta ni wọ́n ti gbọ́ ńkọ́?" Ibẹ̀ ni Bàbá Ààrẹ ti gbà. Wọ́n kọ̀wé sí Kọmíṣọ̀n kí wákàtí tó pé, wọ́n sì sọ ọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ nípàdé, pé tẹ́nikẹ́ni bá pè wọ́n lórí fóònù lórúkọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n sanwó, kí wọ́n wá sí ọ́fíìsì kọ́kọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, torí ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti bá irú ẹ̀ pàdé, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ní ti sẹ́fà, mo ní ká má wulẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹni tó ti wọlé tó sì pẹ́ níbẹ̀, ẹ ò lè mọ gbogbo ibi tó fi nǹkan sí, àlébù kernel kan ṣoṣo sì tó láti sọ test di root. A gba tuntun, Ubuntu 24.04. A kó sọ́fúwià wá láti orísun ẹ̀, a ò kó o láti ara sẹ́fà àtijọ́. Dátà nìkan la gbé kọjá, Àǹtí ọ́fíìsì sì fi ìwé lẹ́jà yẹ̀ ẹ́ wò, orúkọ kan tẹ̀ lé ìkejì. Gbogbo páswọ́ọ̀dù la yí padà, ti dátábéèsì, ti íméèlì, ti iléeṣẹ́ tó ń bá wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́.

Fáìlì SSH tuntun, mo sọ ọ́ ní 00-egbe.conf, mo fi sínú sshd_config.d. Òdo méjèèjì yẹn ló ṣe pàtàkì, bí álífábẹ́ẹ̀tì ló ṣe ń kà wọ́n, 00 á ṣáájú 50. Ohun tó wà nínú ẹ̀ rèé:

PasswordAuthentication no
KbdInteractiveAuthentication no
PermitRootLogin no
AuthenticationMethods publickey
AllowGroups ssh-wole
MaxAuthTries 3
LoginGraceTime 30
X11Forwarding no
AllowAgentForwarding no
AllowTcpForwarding no

Ìlà kejì yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Tó bá wà ní yes tí PAM (ètò tí Linux fi ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò) sì ń ṣiṣẹ́, SSH lè tún béèrè páswọ́ọ̀dù lórúkọ míì, tó o bá sì wo PasswordAuthentication wàá rí no, wàá ní o ti ṣe é. AllowGroups ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ni ì bá gba ẹgbẹ́ yìí lọ́wọ́ test: àkáǹtì tẹ́nikẹ́ni bá ṣí lọ́la, tí kò bá sí nínú gúrúùpù ssh-wole, ì báà ní páswọ́ọ̀dù, ì báà ní kọ́kọ́rọ́, kò ní wọlé. Ẹni tó ń ṣí àkáǹtì ò nílò láti rántí nǹkan kan, bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kò wọlé. Ohun tí mo mọ̀ sí dífọ́ọ̀tì tó dáa nìyẹn, èyí tó ń dáàbò bo ẹni tí ò mọ̀ ọ́n.

MaxAuthTries, mẹ́fà ni wọ́n fi sí tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dín in kù, ẹ rántí pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀, gbogbo kọ́kọ́rọ́ yẹn ni ssh á máa nà sí sẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń kà mọ́ ọn lọ́rùn, ó lè rí "Too many authentication failures" kó tó kan èyí tó tọ́. IdentitiesOnly yes nínú ~/.ssh/config tiẹ̀ ló máa yanjú ẹ̀.

Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ Ciphers àti KexAlgorithms gígùn (lísìtì ìlànà tí SSH fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́) tí wọ́n máa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń ṣe OpenSSH ń yọ èyí tó ti rọ kúrò fúnra wọn, wọ́n yọ ssh-rsa tó ń lo SHA-1 kúrò nínú dífọ́ọ̀tì ní 8.8 ní 2021, wọ́n sì fi èyí tó ń wo ọjọ́ iwájú kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù síwájú ní 9.0 ní 2022. Ẹni tó da lísìtì ọdún 2016 kọ sínú fáìlì ẹ̀ ti fọwọ́ ara ẹ̀ dá ara ẹ̀ dúró sí 2016.

Pọ́ọ̀tù, a fi sílẹ̀ sí 22. Yíyí i padà ń dín ariwo lọ́ọ̀gì kù, kì í ṣe àgádágodo, àwọn tó ń wá ẹ kiri máa rí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí i lórí Ubuntu 24.04, ssh.socket ti systemd (ètò tó ń darí iṣẹ́ lórí Linux) ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, tó o bá yí Port nínú fáìlì tí o kàn ní systemctl restart ssh, o lè rò pé ó ti yí, kò yí. daemon-reload ni kó o ṣe, kó o wá tún ssh.socket bẹ̀rẹ̀.

Fail2ban, tó ń ti àdírẹ́ẹ̀sì tó bá ń kùnà léraléra síta, náà wà, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó yàtọ̀ nílé wa níbí. Dátà fóònù ni ọ́fíìsì ń lò, èmi náà bẹ́ẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì wa kì í dúró sójú kan, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì kan lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù. Torí náà a ò lè sọ pé àdírẹ́ẹ̀sì kan báyìí nìkan ni kó wọlé, a ò sì lè fi òfin líle ti èèyàn síta fún ọjọ́ gbọọrọ, ẹni tá a tì lè jẹ́ ara wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá a wá la fi í sí. Níwọ̀n ìgbà tí páswọ́ọ̀dù ò ti ṣiṣẹ́ mọ́, ariwo ló ń dín kù.

Sẹ́tìnsì nìkan ò sì tó. Ní July 2024, iléeṣẹ́ ààbò Qualys tú àṣírí àlébù kan nínú OpenSSH tí wọ́n sọ ní regreSSHion, CVE-2024-6387, ẹni tí kò ní páswọ́ọ̀dù, tí kò ní kọ́kọ́rọ́, lè gbabẹ̀ di root. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìlà tí mo kọ sókè yẹn tó lè dá a dúró, àtúnṣe Ubuntu ló dá a dúró. Nítorí ẹ̀ la ṣe jẹ́ kí unattended-upgrades, tó ń fi àtúnṣe síbẹ̀, máa ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀.

Ọjọ́ tá a tan fáìlì yẹn, n'ọ́fíìsì wọn ni mo jókòó sí, iná NEPA ò dúró, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já. Àṣà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé kéèyàn má pa wíńdò àkọ́kọ́ kó fi wíńdò kejì dán an wò. Ó dáa, àmọ́ tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já wíńdò àkọ́kọ́ ń lọ. Nítorí náà mo fi systemd-run --on-active=10m ṣètò pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó yọ 00-egbe.conf kúrò kó sì tún SSH bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ sshd -t, t kékeré, ìyẹn ń wò ó bóyá àṣìkọ wà nínú fáìlì. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo fi wíńdò tuntun wọlé, ó ṣí. Mo wá dìídì fi páswọ́ọ̀dù gbìyànjú:

ssh -o PubkeyAuthentication=no -o PreferredAuthentications=password orúkọ@sẹ́fà

Ó dá mi lóhùn "Permission denied (publickey)". Inú àmì ( ) yẹn ni kí ẹ wò, publickey nìkan ni kó wà níbẹ̀, tí password bá wà pẹ̀lú ẹ̀, ẹ ò tíì ṣe tán. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni mo fagi lé systemd-run.

Kọ́kọ́rọ́ wá kù. Bọ̀dá Akọ̀wé ní kí n kúkú bá àwọn ṣe é kí n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló máa ń jáde, èyí tó ní .pub lẹ́yìn, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà, ìkejì ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é. A jọ jókòó, wọ́n tẹ ssh-keygen -t ed25519 fúnra wọn, wọ́n fi gbólóhùn gígùn kan tì í, mi ò wo ojú kíbọ́ọ̀dù, .pub nìkan ni mo mú. Pánẹ́ẹ̀lì iléeṣẹ́ tó ni sẹ́fà náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ti gba gbogbo ohun tá à ń tì yìí kọjá, a tan ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì síbẹ̀, àwọn kóòdù ìgbàpadà sì wà nínú bébà nínú àpótí irin Àlhájà Akápò.

Akáúńtáǹtì wọn ń gbé n'Ílíṣàn, fáìlì bákọ́ọ̀pù nìkan ló nílò lóṣooṣù. Kò sídìí tá a fi máa fún un ní gbogbo ilé. A fi Match Group ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀, ForceCommand internal-sftp àti ChrootDirectory, fódà kan ló ń rí. Fódà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti root, ẹlòmíì ò sì gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan sínú ẹ̀, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ SSH á já a jù sílẹ̀ láì ṣàlàyé fún un, ibẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn lágara.

Nítorí pé orúkọ sẹ́fà ò yí padà àmọ́ kọ̀ǹpútà ti yàtọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú, ó rí ìkìlọ̀ ńlá pé REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED. Ó pè mí. Mo ní kó má tíì pa ìlà àtijọ́ rẹ́ nínú known_hosts (fáìlì tó ń rántí kọ́kọ́rọ́ àwọn sẹ́fà), kó ka SHA256 (àmì ìdánimọ̀ kọ́kọ́rọ́ sẹ́fà) tó rí fún mi. Mo ṣí kọ́ńsólù inú pánẹ́ẹ̀lì, mo tẹ ssh-keygen -lf /etc/ssh/ssh_host_ed25519_key.pub, ó ń ka lẹ́tà, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e, títí dé òpin. Ó bá ara mu, mo ní kó máa lọ.

Iléeṣẹ́ tó ni sẹ́fà pa ẹjọ́ wọn dé nígbà tá a pa sẹ́fà àtijọ́. A fi script (ìwé àṣẹ kọ̀ǹpútà) kékeré kan síbẹ̀ tó máa ń ṣe sshd -T lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á fi í wé ti tẹ́lẹ̀, tí ìlà kan bá yí á fi íméèlì ránṣẹ́ sí Bọ̀dá Akọ̀wé àti èmi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ sí i, wọ́n fi image (ẹ̀dà dísìkì) sẹ́fà náà ṣe òmíràn tó tóbi jù. cloud-init rí i bí kọ̀ǹpútà tuntun, ó tún kọ 50-cloud-init.conf padà, PasswordAuthentication yes wà nínú ẹ̀ bíi ti àtijọ́. Mo tẹ sshd -T, ó ní no. 00 ti ṣáájú ẹ̀. cloud-init tún ṣe kọ́kọ́rọ́ sẹ́fà náà lọ́tun, akáúńtáǹtì rí ìkìlọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pè kó tó tẹ ohunkóhun, SHA256 ẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ẹ̀ tó fẹ́ kà á fún mi.